Ẹ̀yìn Ṣíbí

Ní Tsubame, níbi tí yìnyín ti ń bo fèrèsé mọ́lẹ̀,
Shigeharu bàbá mi ń dán ṣíbí fún oúnjẹ òòjọ́,
ogójì ọdún nídìí ẹ̀rọ tó ń pòòyì,
irin nínú èékánná, irin nínú ikọ́.
Lọ́dún tí tilé toko ń ra ṣíà, òun náà rà:
ilé-iṣẹ́ mẹ́ta. Ọ̀kan ń ṣe aago,
ọ̀kan ń ṣe oògùn ikọ́,
ọ̀kan ń kọ́ òtẹ́ẹ̀lì sí etíkun kan
tí ẹnikẹ́ni ládùúgbò wa kò tíì dé rí.

Kinuyo ìyá mi kò bá a jà.
Ó kó tirẹ̀ sínú agolo tíì,
ó ti agolo bọ inú dúrọ́ọ̀, lábẹ́ aṣọ òtútù.
Ó ní, "Owó tí mo lè fọwọ́ kàn lowó mi."

Àbúrò bàbá mi, Matsukichi onígbàjámọ̀,
yá owó kún owó.
Ó ní ọjà tó ń gòkè kì í wẹ̀yìn.
Nígbà tó fi máa di ọdún kejì, ọjà wẹ̀yìn.
Kò já lulẹ̀ gbì;
ó ń sọ̀ bí arúgbó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn,
ẹsẹ̀ kan, ìsinmi, ẹsẹ̀ kan,
ìsinmi ọ̀hún ló ń tan ènìyàn.
Báńkì gba ilé Matsukichi, wọ́n gba ọkọ̀,
wọ́n gba àga mẹ́ta inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.
Ó tà lọ́jọ́ tí kò yẹ kéèyàn tà,
nítorí gbèsè kì í dúró de ọ̀la.
Nígbà òtútù ọdún náà, òun ló ń kó yìnyín
kúrò lórí òrùlé àwọn tó ti fárí fún rí.

Bàbá mi kò tà. Ẹ má pè é lọ́gbọ́n.
Ojú ló ń tì í láti tẹ báńkì láago.

Nígbà tí mo wá palẹ̀ ilé mọ́ lẹ́yìn àwọn méjèèjì,
mo fa dúrọ́ọ̀: òórùn káfúrà.
Owó ìyá mi pé, kò dín ẹyọ kan.
Ìwé tó tẹ́ sábẹ́ agolo, ṣíà òtẹ́ẹ̀lì ni.
Ilé-iṣẹ́ ti kú, ìwé rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ẹní.
Alágogo pàdánù ìdajì, kò rí i gbà padà.
Olóògùn ikọ́ nìkan ló ń fi èrè ránṣẹ́ lọ́dọọdún,
díẹ̀, díẹ̀, bí ẹni ń fún ẹyẹ lóúnjẹ;
àṣé òun ló san owó ilé-ìwé mi.

Mo ṣírò, mo tún un ṣírò.
Fún ọgbọ̀n ọdún gbáko, ìyá mi ló jàre.
Nǹkan ò wọ́n, owó inú agolo ò rù.
Àfìgbà tí ìrẹsì wọ́n,
tó di ìlọ́po méjì láàárín ìkórè méjì.
Ìyẹn náà ò kanlẹ̀kùn kó tó wọlé.

Ọmọ mi Haruomi, owó oṣù àkọ́kọ́ lápò rẹ̀,
bi mí pé ṣé lóòótọ́ ni ọjà ṣíà léwu.
Ewu ń bẹ lóko Lóńgẹ́,
Lóńgẹ́ fúnra rẹ̀, ewu ni.
Mo fẹ́ sọ fún un pé gbèsè lejò, oko kọ́;
pé owó tí a máa ná lọ́la kì í sùn níbẹ̀ lónìí;
pé òtẹ́ẹ̀lì kan máa ń wà nínú mẹ́ta,
a kì í sì í mọ èwo.
Mo fẹ́ sọ pé agolo náà ń jò, ihò rẹ̀ ló kéré.
Ọ̀rọ̀ kọ̀, kò jáde.

Mo na ṣíbí kan sí i, ọ̀kan lára èyí tí bàbá mi dán.
Ó wo inú rẹ̀: orí nísàlẹ̀, àgbọ̀n lókè.
Ó yí i padà: ó dúró ṣánṣán, imú rẹ̀ wú bí ọ̀dùnkún.
Ó rẹ́rìn-ín. "Èwo wá lèmi níbẹ̀?"

Níta, ẹnìkan ń kó yìnyín lórí òrùlé.
Mo ní kó jẹun, ìrẹsì ń tutù.